Òdòdó oníbébà oríṣi mẹ́rin fún yàrá ìyá mi: ibi tí bébà rọ̀ sí ni ká tẹ̀ ẹ́ sí

Ìyá mi fẹ́ràn òdòdó, ṣùgbọ́n òdòdó kò gba tiwọn. Bí a bá gbé èyí tó tutù wọ yàrá wọn, kì í pẹ́ tí wọ́n á fi máa sín, ojú wọn á pọ́n, imú wọn á máa ṣomi. Ìdí nìyẹn tí ìgò òdòdó orí tábìlì wọn fi wà lófìfo láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pinnu pé bébà ni n ó fi kún un. Mi ò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Ohun tí mo kọ síbí ni bó ṣe lọ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àìkú, àti ohun tó bàjẹ́, àti ìdí tó fi bàjẹ́, kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ má baà fi bébà ṣòfò bí èmi ṣe fi ṣòfò. Bí ẹ ò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀, ẹ ṣáà ka ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là.

Ọjọ́ Ajé

Ohun tí mo kó jọ kò pọ̀. Bébà A4 tí à ń fi sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, funfun àti aláwọ̀, gíráàmù 80 ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Bébà tíṣù tó fẹ́lẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń we ẹ̀bùn. Bébà kirépù, èyí tí ara rẹ̀ hunjọ tó sì ṣeé fà. Àlùmọ́gàjí méjì, ńlá kan fún ìlà gígùn, kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó fún kọ̀rọ̀. Gọ́ọ̀mù funfun tó máa ń mọ́ gaara bó bá gbẹ, àti igi ìtayín tí n ó máa fi bù ú. Pẹ́ńsùlù, rúlà, òwú ìránṣọ, wáyà oríṣi méjì, púláyà tí n ó fi gé wáyà. Mo ní gọ́ọ̀mù gbígbóná nílé, ṣùgbọ́n mo gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó máa ń jóni lọ́wọ́, kì í sì í jẹ́ kéèyàn tún nǹkan tò: ibi tó bá bọ́ sí, ibẹ̀ ló gan sí. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nílò gọ́ọ̀mù tó máa fún un láyè díẹ̀ kó tó mú.

Nọ́ńbà wáyà lè da èèyàn rú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni wáyà ń tín-ín-rín sí i. Nọ́ńbà 18 nípọn tó mìlímítà 1, òun ló lè gbé òdòdó dúró. Nọ́ńbà 26 kò ju nǹkan bíi mìlímítà 0.4 lọ, òun la fi ń di ìdí ewé pọ̀.

Mo ya ewé òdòdó kan sára páálí, ó rí bí omijé, gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 6, ibi tó fẹ̀ jù lára rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 4. Mo gé e jáde, mo wá ń fi í ya àwọn yòókù sórí bébà pupa. Kí bébà má baà ṣòfò, ibi tí àyè bá ṣáà ti wà ni mo ń ya wọ́n sí: ọ̀kan dúró, ọ̀kan dùbúlẹ̀, ọ̀kan dagun. Mo gé mẹ́wàá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wé orí wọn mọ́ pẹ́ńsùlù lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè ká sẹ́yìn bí ewé rósì ṣe máa ń ká.

Mẹ́rin ká wẹ́rẹ́. Àwọn mẹ́fà tó kù kọ̀. Bí mo bá wé wọn, tí mo sì fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á na ara wọn padà. Bí mo bá wá fi tipá mú wọn, wọ́n á ṣẹ́. Mo gbé ọ̀kan sún mọ́ iná láti wò ó dáadáa: dípò kí orí rẹ̀ yí rìbìtì, ìlà ṣíṣẹ́ mẹ́ta ló tò tẹ̀lé ara wọn bí àtẹ̀gùn. Bẹ́ẹ̀ bébà kan náà ni, pẹ́ńsùlù kan náà, ọwọ́ kan náà. Mo lẹ̀ wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi di alẹ́, òdòdó náà ti yanu sílẹ̀ bí adìyẹ tí oòrùn pa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹni tó bá ti la igi rí mọ̀ pé igi níbi tí àáké ń gbà kọjá láìní wàhálà, ó sì níbi tó jẹ́ pé èèyàn á làágùn. Bébà náà ní i, nítorí igi ni. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, fọ́nrán igi tí wọ́n ti lọ̀ kúnná tí wọ́n sì pò mọ́ omi ni wọ́n ń dà sórí asẹ́ gbọọrọ kan tí ẹ̀rọ ń fà lọ síwájú láìdúró. Bí pàǹtí ṣe máa ń to ara rẹ̀ sójú odò tó ń ṣàn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fọ́nrán náà ṣe máa ń kọjú sí ibi tí asẹ́ ń lọ. Tó bá wá gbẹ, ó ti gbẹ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Bí a bá tẹ bébà, tí ojú ìtẹ̀ náà sì bá fọ́nrán rìn, á rọ̀ lọ́wọ́ wa. Bí ojú ìtẹ̀ bá gba orí fọ́nrán kọjá, á ṣe agídí, bí a bá sì fúngun mọ́ ọn, á ṣẹ́. Bébà tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ rí báyìí, fọ́nrán tirẹ̀ wà káàkiri.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fi wá ibi tí tèmi rọ̀ sí. Mo gé bébà sí igun mẹ́rin ọgbọọgba, sẹ̀ǹtímítà 10 ní 10, mo fa ìlà pẹ́ńsùlù sí etí kan kí n má baà ṣì í mọ̀ bí mo bá ń yí i. Mo ká a sí méjì láìjẹ́ kó ṣẹ́, mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ rọra tì í mọ́lẹ̀. Ó gbà. Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó ń ti ọwọ́ mi padà sókè bíi fóòmù. Lẹ́yìn náà mo ya á. Láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó ya lọ gbọọrọ bí ẹni pé rúlà ló ń tọ́ ọ sọ́nà. Láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ya wọ́gọwọ̀gọ, ó ń yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ìkẹta ló wù mí jù. Mo gé bébà kékeré kan, mo rì ìka sómi, mo fi pa ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan, mo gbé e sórí tábìlì, mo sì ń wò ó. Kí n tó ka mẹ́wàá ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká ara rẹ̀ bí ẹní, ó di ihò gbọọrọ kékeré kan. Ibi tí ihò yẹn nà sí, ibẹ̀ gan-an ni fọ́nrán nà sí. Omi ló ń mú kí fọ́nrán wú, ó sì máa ń fẹ̀ ju bó ṣe ń gùn lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ tó tutù fi ń fẹ̀ tó sì ń ti bébà ká kò. Mo pe ìyá mi wá wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí n tún un ṣe.

A4 tí mo ní, gígùn rẹ̀ ni fọ́nrán bá lọ, ìyẹn mìlímítà 297 rẹ̀, kì í ṣe 210. Kì í ṣe gbogbo bébà ló rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ẹ dán tiyín wò fúnra yín kí ẹ tó gé ohunkóhun. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Mo wá padà sídìí ewé mẹ́wàá ọjọ́ Ajé, mo ń fi omi pa ẹ̀yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe rí nìyẹn: àwọn mẹ́rin tó gbọ́ràn, fọ́nrán gba ìbú wọn kọjá, kò bá gígùn wọn lọ. Mo fa ọfà kékeré kan sẹ́yìn gbogbo bébà tó ṣẹ́ kù nílé, kí n lè máa mọ ibi tí n ó kọjú wọn sí.

Ọjọ́rú

Oríṣi méjì ni mo ṣe lónìí, kò sì sí èyí tó gba àkókò.

Ti bébà tíṣù ló rọrùn jù. Bí ọmọdé bá wà lọ́dọ̀ yín, òun ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Bébà mẹ́jọ, sẹ̀ǹtímítà 12 ní 18, tí a tò lé ara wọn. Mo ṣẹ́ wọn po bí abẹ̀bẹ̀, ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà 1.5, tó fi di méjìlá. Ohun tí a ní lọ́wọ́ báyìí ni ọ̀pá pẹlẹbẹ kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Mo fi òwú so àárín rẹ̀, mo rẹ́ orí méjèèjì kó rí róbótó, mo là á bí abẹ̀bẹ̀ sí apá méjèèjì, mo wá ń fa bébà náà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Méjì ya mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí etí ni mo ń mú. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi. "Ìdí rẹ̀ ni kó o ti mú un," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi ìka méjì wọnú ìdí, níbi tí òwú wà, wọ́n ń gbé bébà náà bọ̀ sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò sí èyí tó ya lọ́wọ́ wọn. Ohun kan tún wà: ẹ má fi wáyà so ó, bí ẹ bá sì fi í so ó, ẹ má fún un. Wáyà tó fún máa ń gé bébà tíṣù bí ọ̀bẹ.

Èkejì ni rósì oníkòǹkò, èyí tí a fi bébà róbótó kan ṣoṣo ká. Mo da àwo kékeré kan dojú bolẹ̀ sórí bébà A4, mo fi pẹ́ńsùlù yí i ká, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15. Mo wá ń gé e yípo láti etí wá sí àárín, bí ọ̀nà tó wà lára ìkarahun ìgbín, fífẹ̀ rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 1.5 jálẹ̀. Ní àárín mo fi róbótó kékeré kan sílẹ̀, tó tó owó ẹyọ. Ìdí òdòdó nìyẹn. Ẹ má fi rúlà wọn ọ́n, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n díẹ̀. Èyí tí mo gé tó dọ́gba jù lọ jọ ìdérí ìgò. Èyí tí etí rẹ̀ ń lọ sókè sódò ló jọ òdòdó.

Orí tó wà níta ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, a ó sì máa ká a lọ títí a ó fi bá róbótó àárín. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti yọjú padà. Bí mo ṣe ń ká a, mo rí i pé ní gbogbo ìgbà tí mo bá yí àyíká kan po, ibi méjì máa ń le lọ́wọ́ mi, wọ́n sì kọjú síra wọn. Ó yé mi: ọ̀já bébà tó ń yí po á bá fọ́nrán lọ lẹ́ẹ̀mejì nínú àyíká kan, ibi tó bá sì ti bá a lọ ni kíká rẹ̀ máa le. Níbẹ̀ mo máa ń dúró, mo máa ń fi èékánná àtàǹpàkò fa inú rẹ̀ kó rọ̀, kí n tó máa ká a lọ.

Tó bá ti tán, ẹ tú ọwọ́ díẹ̀. Á là fúnra rẹ̀. Mo tú tèmi jù nígbà àkọ́kọ́, ó sì tú gbọọrọ sórí tábìlì bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Mo tún un ká. Ẹ jẹ́ kó là dé ibi tó wù yín, kí ẹ wá kán gọ́ọ̀mù sórí róbótó àárín, kí ẹ gbé òdòdó lé e, kí ẹ sì dì í mú títí ẹ ó fi ka ọgbọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìkẹta tí mo ṣe gbà.

Ọjọ́bọ̀

Rósì gidi lónìí, èyí tí ewé rẹ̀ yí ara wọn ká. Òun ni mo pẹ́ jù lórí rẹ̀, òun ló sì kọ́ mi jù.

Bébà igun mẹ́rin ọgbọọgba mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 10 ní 10. Ẹ ká ọ̀kan sí méjì, ẹ tún un ká sí méjì kó di igun mẹ́rin kékeré, lẹ́yìn náà kí ẹ wá igun tí kò là níbì kankan, ìyẹn àárín bébà náà, kí ẹ sì ká a láti ibẹ̀ lọ sí igun tó dojú kọ ọ́, kó di onígun mẹ́ta. Ẹ ya orí ewé òdòdó sí apá tó là, ẹ gé e. Ẹ wá gé ṣóńṣó igun àárín yẹn díẹ̀, mìlímítà 2 péré. Bí ẹ bá là á, ewé mẹ́jọ ló máa yí ihò kékeré kan ká. Ẹ ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ dùn mọ́ mi. Ẹ gé ewé kan kúrò lára bébà àkọ́kọ́: ó ku 7, ẹ sì ní 1 lọ́wọ́. Ẹ gé 2 kúrò lára ìkejì: ó ku 6. Ẹ gé 3 kúrò lára ìkẹta: ó ku 5. Ẹ la ìkẹrin sí méjì, 4 àti 4, kí ẹ lo ẹyọ kan, kí ẹ tọ́jú ìkejì de òdòdó mìíràn. Ohun tó wà níwájú yín báyìí ni ìpín 7, 6, 5, 4, 3, 2 àti 1. Ìpín kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ewé ìpẹ̀kun kan gun orí ewé ìpẹ̀kun kejì, kí ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀, á sì jìn bí ife. Ìpín 7 á wá dà bíi pé ewé 6 ló ní, ìpín 6 á dà bíi pé ó ní 5, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpín 2 á ká di ọ̀pá oníhò kékeré kan, ìpín 1 sì ni ẹ máa ká tín-ín-rín bí ẹnu òdòdó tí kò tíì là.

Ẹ má lẹ̀ wọ́n mọ́ra kí ẹ tó yí etí ewé kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn. Mo rò pé bí mo ti wá mọ ibi tí bébà rọ̀ sí, wàhálà ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ewé mẹ́jọ tó yí àárín ká, ọ̀nà mẹ́jọ ni wọ́n kọjú sí, fọ́nrán sì rèé, ibì kan ṣoṣo ló ń lọ. Mo fi ìka kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: mẹ́rin gbọ́ràn, mẹ́rin ṣorí kunkun, méjì méjì tẹ̀lé ara wọn. Kò sí bí a ṣe lè gé e tí kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo pín iṣẹ́ wọn. Àwọn tó gbọ́ràn, mo wé orí wọn mọ́ pẹ́ńsùlù. Àwọn olóríkunkun, mo fi ẹ̀yìn àlùmọ́gàjí sábẹ́ wọn, mo fi àtàǹpàkò lé òkè, mo wá fa ewé náà kọjá láàárín méjèèjì láti ìdí dé orí. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹ fà á ní ìfà kan ṣoṣo, láìdúró lójú ọ̀nà, nítorí ibi tí ọwọ́ bá ti dúró ni á ti ṣẹ́. Kò sì pọn dandan kí gbogbo wọn ká bákan náà. Rósì tó là lóòótọ́ máa ń ní ewé tó ká púpọ̀ àti èyí tó kàn tẹ̀ díẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni gọ́ọ̀mù. Omi pọ̀ nínú gọ́ọ̀mù funfun, omi sì ń mú fọ́nrán wú, mo ti fi ojú ara mi rí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, síbẹ̀ mo da gọ́ọ̀mù sínú ife ìpín 7 bí ẹni ń bu ọbẹ̀. Kó tó gbẹ, ìdí rẹ̀ ti hun, ó sì fẹ̀gbẹ́ kan. Ìpín 6 tí mo gbé sínú rẹ̀ náà fẹ̀gbẹ́ tẹ̀lé e. Mo sọ ọ́ nù, mo tún òmíràn ṣe. Ẹ fi igi ìtayín bu èyí tó tó ojú abẹ́rẹ́ méjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dì í mú, ẹ ka ogún.

Àṣìṣe mi kejì: nínú bébà àkọ́kọ́, mo gé ṣóńṣó àárín tó mìlímítà 5. Ihò náà tóbi débi pé àwọn ìpín kékeré ń já bọ́ gba ìdí. Mìlímítà 2 ló tó, kí ìdí ife kan kàn lè wọnú èkejì kó sì há síbẹ̀. Láti ìpín ńlá sí kékeré ni mo tò ó: 7 nísàlẹ̀, 6 sínú rẹ̀, mo yí i díẹ̀ kí ewé rẹ̀ bọ́ sí àárín méjì ti ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí kan 1. Rósì àkọ́kọ́ gbà mí ní wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Èkejì gba ogójì ìṣẹ́jú.

Ọjọ́ Ẹtì

Mi ò gé nǹkan kan lónìí. Mo já òdòdó kan níta, èyí tí wọ́n ń pè ní hibiscus, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn pẹ̀lú rẹ̀, tí ìyá mi jìnnà sí i, mo sì tú u palẹ̀.

Obìnrin kan wà tí mo rántí bí mo ṣe ń ṣe èyí, Mary Delany, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni ọdún 72 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé òdòdó láti ara bébà aláwọ̀, lọ́dún 1772. Ó máa ń gbé òdòdó tútù síwájú, á wò ó fínnífínní, á wá to bébà wẹ́wẹ́ lé ara wọn lórí bébà dúdú. Ó ṣe é tó 985 kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì ní 1782, wọ́n sì wà ní British Museum, ilé àkójọ ohun àtijọ́ ní London, di òní olónìí. Tirẹ̀ pẹlẹbẹ ni, kò dúró bíi tiwa, ṣùgbọ́n bó ṣe ń wo òdòdó kó tó gé bébà ni mo fẹ́ kọ́.

Ohun tí mo rí lára hibiscus: ewé rẹ̀ márùn-ún ni. Mo ti máa ń rò pé wọ́n kàn tò síbẹ̀ ni, àṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló gun èkejì. Etí ọ̀tún ewé kan wà lókè, etí òsì rẹ̀ wà lábẹ́ aládùúgbò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yí po láìní ìbẹ̀rẹ̀ láìní òpin. Bí a bá fọwọ́ kan ojú ewé náà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀ tó ń bọ̀ láti ìdí lọ sí etí. Láàárín, ọ̀pá kan yọ jáde tó gùn, lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò wà lára rẹ̀ lórí okùn wẹ́wẹ́, orí rẹ̀ pátápátá sì ní nǹkan róbótó kékeré márùn-ún. Márùn-ún, márùn-ún. Aṣọ aláwọ̀ ewé tó gbé e dúró nísàlẹ̀ náà ní ṣóńṣó márùn-ún. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo fọ ọwọ́ mi kí n tó wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Bébà kirépù ni mo lò fún hibiscus. Mo wá rò ó pé: ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti kọ́ mi pé kí fọ́nrán gba ìbú ewé kọjá, ìlà sì wà lára kirépù tí ojú ń rí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́ kí ìlà náà gba ìbú kọjá. Mo gé márùn-ún, gígùn sẹ̀ǹtímítà 8, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 6. Mo so wọ́n mọ́ wáyà. Kí n tó so ìkẹta, àkọ́kọ́ ti wó lulẹ̀ jọwọlọ. Mo gbé e sókè, ó gùn sí i lọ́wọ́ mi. Mo gbìyànjú láti fi àtàǹpàkò tẹ inú rẹ̀ kó jìn, kò jìn, ó kàn ń gùn.

Ìlà ara kirépù kì í ṣe fọ́nrán. Ìhunjọ ni, bébà tí wọ́n ti tì jọ tó wà ní ṣíṣẹ́po wẹ́wẹ́ tí kò tíì nà. Ibi tó gba orí ìlà kọjá ló ń fà sí. Ibi tó bá ìlà lọ, kì í fà, ibẹ̀ ló sì ti lágbára. Nítorí náà ewé kirépù gbọ́dọ̀ ní ìlà tó ń bọ̀ láti ìdí lọ sí orí, kó lè dúró, kó sì lè fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà tí mo fi ọwọ́ kàn lára òdòdó tútù lánàá ń lọ síbẹ̀ gan-an, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò kàn fi wé ohun tó wà níwájú mi ni. Mo gé márùn-ún mìíràn.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí nígbà tó wá tọ́. Mo fi ìka mẹ́rin-mẹ́rin sẹ́yìn ewé náà, àtàǹpàkò méjèèjì pàdé láàárín rẹ̀, mo rọra fà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Ìlà wẹ́wẹ́ yẹn ń tú lábẹ́ àtàǹpàkò mi, àárín ewé sì jìn bí àtẹ́lẹwọ́ tó fẹ́ bu omi. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Mi ò fi pẹ́ńsùlù kàn án, mi ò fi gọ́ọ̀mù kàn án. Mo wá mú etí òkè rẹ̀, mo ń fà á díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka méjì, sẹ̀ǹtímítà kan síra wọn, etí náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú bí ojú omi tí atẹ́gùn fẹ́. Inú mi dùn débi pé mo ṣe mẹ́ta sí i tí mi ò nílò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: kirépù tó bá ti nà kì í padà. Ẹ fà á díẹ̀, ẹ wò ó, kí ẹ tó tún fà.

Ọ̀pá àárín: mo wé kirépù yẹ́lò tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ wáyà nọ́ńbà 18. Mo gé ọ̀já yẹ́lò mìíràn, mo gé etí rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí eyín òòyà, mo fi wé apá òkè kí ó rí bí lẹ́búlẹ́bú. Sórí pátápátá mo lẹ̀ bébà pupa márùn-ún tí mo ti yí lọ́wọ́ di róbótó tó kéré ju orí ìṣáná lọ. Èyí tán mi ní sùúrù jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun sì ni ojú kọ́kọ́ ń lọ sí.

Lẹ́yìn náà ni mo so ewé márààrún yí i ká, mo fi wáyà nọ́ńbà 26 dì wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ewé ìkarùn-ún ni kí ẹ fara balẹ̀ sí: etí rẹ̀ kan á gun ìkẹrin, etí rẹ̀ kejì sì gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá gbàgbé, ewé kan á wà lókè pátápátá, òdòdó náà á dà bí èyí tó ní ẹ̀yìn àti iwájú. Mo fi bébà aláwọ̀ ewé onígun márùn-ún bo ìdí rẹ̀.

Téèpù òdòdó ni mo fi wé wáyà. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án kò lẹ̀, ẹ lè rò pé ó ti bàjẹ́. Ìda ló wà nínú rẹ̀, àfi kí ẹ fà á kó tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ẹ di òdòdó mú lọ́wọ́ kan, kí ẹ máa yí wáyà, kí ọwọ́ kejì máa fa téèpù wá sísàlẹ̀ ní ìdagun. Ẹni tí kò bá ní téèpù lè gé kirépù aláwọ̀ ewé ní sẹ̀ǹtímítà 1, kó ta gọ́ọ̀mù díẹ̀ sórí àti ìdí rẹ̀. Mo dán an wò lára rósì, ó mú dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú

Mo gé ewé aláwọ̀ ewé mẹ́fà láti ara A4, fọ́nrán bá gígùn wọn lọ lọ́tẹ̀ yìí, nítorí àárín ewé ni mo fẹ́ ṣẹ́ láti ìdí dé orí. Ó ṣẹ́ gbọọrọ, bí ẹni fi rúlà ṣe é. Mo fi wáyà sẹ́yìn wọn, mo sì so wọ́n mọ́ òdòdó.

Mo gbé tábìlì ìyá mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí oòrùn máa ń ṣá àwọ̀ bébà. Òkúta wẹ́wẹ́ ni mo dà sínú ìgò kí wáyà lè rí ibi dúró. Bí eruku bá bà lé wọn, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni a ó máa fi gbọ̀n ọ́n, kì í ṣe aṣọ tútù.

Rósì méjì, rósì oníkòǹkò mẹ́ta, ti tíṣù kan, hibiscus kan. Ìyá mi yí ìgò náà po títí tí hibiscus fi kọjú sí ibùsùn wọn. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n ki imú bọ àárín rẹ̀, wọ́n fa èémí sínú gidigidi. Mo dúró, mo ń retí. Wọn ò sín. Wọ́n ní gọ́ọ̀mù ló ń rùn níbẹ̀, àti pé kí n ṣe hibiscus yẹ́lò kan kún un, àyè ṣì wà nínú ìgò. Ewé mẹ́ta tí mo ṣe láṣejù lánàá kò ní wúlò fún ìyẹn, pupa ni wọ́n. Mo ti gé yẹ́lò márùn-ún, ìlà wọn ń bọ̀ láti ìdí lọ sí orí.